"Wa" tó wà nínú Diutarónómì

Bọ̀sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù o. Ọkọ ẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé kò sí nǹkan? Àwa náà wà dáadáa, a dúpẹ́. Mo gbọ́ fọ́ìsì tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì fẹ́ fi fọ́ìsì náà fèsì àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ìṣẹ́jú méjì, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ lálẹ́ yìí tí iná wà.

O ní Dámilọ́lá bi ẹ́ pé kí ló dé tó jẹ́ "nílé wa", "àwa ní tiwa" lẹ̀yin méjèèjì ń sọ ṣáá, pé Manchester ni wọ́n bí òun sí, òun ò dé Abẹ́òkúta rí, ta wá ni "wa"? O ní ó dùn ẹ́, o kàn ní kó lọ sùn. Bọ̀sẹ̀, má jẹ́ kó dùn ẹ́ jàre. Oṣù kẹta rèé tá a ti ń ka Ẹ́kísódù àti Diutarónómì ní kíláàsì Sunday School àwọn àgbà tí mò ń kọ́, ìbéèrè ọmọ ẹ ló kún inú ẹ̀.

Ṣí Ẹ́kísódù orí 12. Wọn ò tíì kúrò ní Íjíbítì, wọn ò tíì fi ẹ̀jẹ̀ àgùntàn kan òpó ilẹ̀kùn kankan, Mósè ti ń sọ ohun tí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí máa bi wọ́n: "Kí lẹ ń pè ní ìsìn yìí?" Nígbà tó sì di orí 13 ó kọ́ bàbá ní ohun tó máa fi dáhùn, pé nítorí ohun tí Olúwa ṣe fún mi ni, nígbà tí mo jáde kúrò ní Íjíbítì. Fún mi o! Ẹni tó máa wí i lè jẹ́ àtọmọdọ́mọ wọn tí kò mọ bí odò Náílì ṣe rí. Jóṣúà náà ní kí wọ́n gbé òkúta 12 láti inú Jọ́dánì, ó tò wọ́n jọ sí Gílígálì, kí ọmọ lè rí i kó bèèrè ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó o síbẹ̀ kí ọmọ lè bèèrè ni. Títí dòní, lálẹ́ Ìrékọjá nílé àwọn Júù, ọmọ tó kéré jù nídìí tábìlì ló máa ń bèèrè ìdí tí alẹ́ yìí fi yàtọ̀ sí alẹ́ yòókù, wọ́n á fi búrẹ́dì aláìwú àti ewébẹ̀ kíkorò sẹ́nu, nítorí wọ́n ní ní ìran kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú rí ara ẹ̀ bí ẹni tó ti Íjíbítì jáde fúnra ẹ̀.

Àmọ́ ibi tó mú mi lọ́kàn jù ni Diutarónómì 26. Àgbẹ̀ kan gbé agbọ̀n àkọ́so oko ẹ̀ wá síwájú àlùfáà, wọ́n ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún un. "Ará Síríà tó ń ṣègbé ni bàbá mi," ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Íjíbítì, ó ṣe àtìpó níbẹ̀, ó di orílẹ̀-èdè ńlá. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e báyìí: àwọn ará Íjíbítì hùwà búburú sí wa, wọ́n pọ́n wa lójú, a ké pe Olúwa, ó mú wa jáde. Ṣé o rí bí "ó" ṣe di "wa"? Ọkùnrin tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ ara ẹ̀, tí ẹrù oko kún ọwọ́ ẹ̀, ló ń wí bẹ́ẹ̀. Tún wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tá a bá ń ki ara wa, ọmọ ọba, ọmọ ọlọ́lá la máa ń mú síwájú, àwọn yìí mú alárìnkiri síwájú, wọ́n mú ẹrú tẹ̀ lé e. Nínú Bíbélì tiwa, "oko ẹrú" ni wọ́n máa ń pe Íjíbítì, mo sì máa ń rò ó pé Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821, ló wà nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi pé ní 1884. Ẹni tí wọ́n ti so lókùn rí ló ń wá ọ̀rọ̀ tá a máa fi pe oko ẹrú.

Mo mọ̀ pé kò tíì sí àkọsílẹ̀ Íjíbítì kankan tó dárúkọ Mósè, ẹnì kan gbé e dìde ní kíláàsì, a sì sọ ọ́ pẹ́. Òkúta Merneptah, ọba Íjíbítì kan, tí wọ́n hú jáde ní 1896, tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1208 kí wọ́n tó bí Jésù, ni ibi tí orúkọ Ísírẹ́lì ti kọ́kọ́ hàn níta Bíbélì, ohun tó sì sọ nípa wọn ni pé wọ́n ti pa run, irú-ọmọ wọn ò sí mọ́. Irú-ọmọ ọ̀hún ló ń jẹ ewébẹ̀ kíkorò lọ́dọọdún yẹn.

Èyí tó bá tìẹ mu jù ni ti Bábílónì. Ọdún 586 kí wọ́n tó bí Jésù, Nebukadinésárì sun Jerúsálẹ́mù, kò sọ́ba, kò sí tẹ́ńpìlì, kò sílẹ̀. A máa ń kọrin "ní ẹ̀bá odò Bábílónì" pẹ̀lú ẹkún, ó yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Jeremáyà ti kọ lẹ́tà sí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó lọ, ó wà ní orí 29: ẹ kọ́lé, ẹ gbin ọgbà, ẹ gbéyàwó, ẹ máa wá àlàáfíà ìlú tẹ́ ẹ wà. Wọ́n sì ṣe é. Wọ́n ti rí wàláà amọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè àti ọkà báálì àti owó orí ló wà lára ẹ̀, èyí tó pẹ́ jù jẹ́ ti ọdún 572 kí wọ́n tó bí Jésù, abúlé tí àwọn àtìpó yìí ń gbé, "Ìlú Júdà" lorúkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bábílónì ni! Orúkọ Ọlọ́run wọn wà lára orúkọ ọmọ wọn. Síbẹ̀ Nísánì àti Ádárì tí wọ́n fi ń ka oṣù dòní, Bábílónì ni wọ́n ti mú un, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ Hébérù, ti àwọn ará Árámù ni, Serubábélì tó kó wọn padà wálé gan-an, irú-ọmọ Bábílónì lorúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí. Nítorí náà tí Dámilọ́lá bá ń fi Òyìnbó dá ẹ lóhùn, má sọkún.

Nehemáyà, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn lẹ́yìn tí wọ́n padà wálé, ò ní gbà fún mi lórí ìyẹn ṣá. Ó bá àwọn ọmọ tí wọn ò lè sọ èdè Júdà, ló bá ń lu àwọn bàbá wọn, ó ń fa irun wọn tu. Ẹ́sírà náà ní kí wọ́n lé àwọn ìyàwó àjèjì lọ tọmọtọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, kí wọ́n má baà yọ́ tán bí iyọ̀, àmọ́ mi ò lè ka ibẹ̀ kí ọkàn mi balẹ̀, mo máa ń rò ti àwọn obìnrin yẹn, ibo ni wọ́n lọ? Inú Bíbélì kan náà ni Rúùtù wà, ará Móábù, tó ní àwọn èèyàn rẹ ni yóò máa jẹ́ èèyàn mi, tó sì di ìyá tó bí bàbá bàbá Dáfídì. Ẹ́kísódù 23 sì ti wí i, ẹ má pọ́n àlejò lójú, torí ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́kàn àlejò. Lójú tèmi, Rúùtù ló rántí Íjíbítì dáadáa ju Ẹ́sírà lọ.

Bọ̀sẹ̀, ṣó o rántí ìyá àgbà yín? Ọlidé táa lò ní Abẹ́òkúta ní fọ́ọ̀mù kẹta, tí màmá ń sọ bí wọ́n ṣe lé "wa" kúrò ní Ìjàyè, bí ebi ṣe pa "wá", bí "a" ṣe rìn dé Abẹ́òkúta. 1862 ni Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, wọn ò tíì bí màmá, ìyá tó bí ìyá wọn ló ṣojú ẹ̀. Èmi ọmọ Ìbàdàn wá jókòó síbẹ̀, mi ò lè gbé òkèlè mì mọ́, màmá wò mí, wọ́n fi ẹran tó wà nínú abọ́ tiwọn sínú tèmi, wọ́n ní, "Jẹun, ọmọ wa."

Sọ ìyẹn fún Dámilọ́lá. Ní Sátidé pè mí lórí fídíò kí n sọ apá tèmi fún un, kó sì bi mí ní gbogbo ohun tó bá fẹ́.

Èmi ni tìẹ,
Yétúndé