Má tíì sanwó pósítà yẹn

Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ wá gan-an ni. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ti dé, òun ni mo ṣe ń sáré kọ̀wé: jọ̀ọ́, má tíì sanwó pósítà Dig for Victory yẹn, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rọ àwọn ènìyàn nígbà ogun Hítílà pé kí wọ́n gbin oúnjẹ.

Ìwọ̀n tí ẹni tó ń tà á kọ sílẹ̀ ló já mi láyà. Ó ní A2 ni. Ọdún 1959 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba irú ìwọ̀n bébà yẹn, ogun Hítílà sì ti parí tipẹ́. Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn pósítà nígbà ogun: 15 sí 20, tàbí 20 sí 30. Ká tiẹ̀ ní ẹnìkan ti gé etí rẹ̀, báwo ni yóò ṣe wá bọ́ sí A2 géérégé? Àfi bí ó bá jẹ́ ojú lásán ni ọkùnrin náà fi wọ̀n ọ́n. Mú téèpù, kí o lọ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ.

Mú awò kékeré tí àwọn aláago ń fi sójú dání pẹ̀lú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Fọ́tò ni ẹsẹ̀ tó tẹ ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀ yẹn, nítorí náà wàá rí àmì kín-ín-kín-ín lára rẹ̀. Ìyẹn ò burú. Lẹ́tà ni kí o tẹjú mọ́. Tàdáwà lẹ́tà ojúlówó máa ń kún dọ́gba, etí rẹ̀ á sì mú. Bí o bá rí àmì búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú tó kóra jọ nínú lẹ́tà, wọ́n ya fọ́tò ojúlówó ni, wọ́n sì tún un tẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ náà, níbi tí orúkọ H.M. Stationery Office, ilé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ti atẹ̀wé sábà máa ń wà ní lẹ́tà wínníwínní. Lára ẹ̀dà, ó lè ṣú bàìbàì, tàbí kí wọ́n ti gé e sọnù.

Bí ó bá ní ojú ibi tí wọ́n ti ká a, fi ìka ra á. Bí ìka rẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, àwòrán ojú kíká ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, pa iná, kí o tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò sí i. Ẹ̀yìn ogun ni oògùn tó ń mú bébà funfun gbòò tó wọ́pọ̀. Bébà tó bá ní in á tàn búlúù yòò. Bí pósítà náà bá tàn báyìí, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bí kò bá sì tàn, ìyẹn nìkan kò tíì tó ẹ̀rí.

Ìyá wa ń kí ọ, orúnkún wọn ti sàn díẹ̀, kàsú sì ti ń so.

Bí pósítà náà bá yege, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi láminéètì bò ó, má sì lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù wọn á wọnú bébà, kò sì ní jáde mọ́. Bí ó bá ti ya, bébà àwọn ará Jàpáánì àti sítáàṣì àlìkámà ni kí wọ́n fi tẹ́ ẹ lẹ́yìn, nítorí omi lè tú u lọ́jọ́ iwájú. Ká a sínú rọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó íǹṣì 4. Tín-ín-rín á fọ́ tàdáwà ojú rẹ̀. Níbí, òjò á mú bébà wú, ọyẹ́ á sì fún un, nítorí náà òkè nìkan ni a ó fi so ó mọ́ férémù, gíláàsì kò sì gbọdọ̀ fara kàn án.

Àjàní, ẹ̀bẹ̀ kan wà. Nígbà tí Jàpáánì gba Malaya ní 1942, ọ̀dọ̀ wa níbí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yíjú sí fún ẹ̀kùrọ́ àti rọ́bà. Pósítà tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa nígbà náà ló ń jẹ mí lọ́kàn ju gbogbo Dig for Victory lọ. Ikán kì í fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, National Archives, ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sí, kó àwòrán tí àwọn ayàwòrán fọwọ́ yà fún ìjọba nígbà ogun sínú àkójọ kan tí wọ́n pè ní INF 3. Jọ̀ọ́, bá mi lọ wá a níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni káàdì òǹkàwé. Mú ìwé ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí àdírẹ́sì dání, kí o sì bèèrè ohun tí o fẹ́ wò ṣáájú ọjọ́ tí o máa lọ. Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n o lè fi fóònù ya fọ́tò. Wá ẹ̀kùrọ́, ẹ̀pà, rọ́bà àti Nàìjíríà nínú àkójọ orúkọ wọn. Ya ojú, ya ẹ̀yìn, kí o sì kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n má baà dàrú.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó