Ẹ̀sùn lórí ike ìdalẹ̀sí méjì tí oòrùn fọ́ ní Tankẹ

Tankẹ, Ìlọrin
Oṣù Kẹrin, 2025

Sí Máníjà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ra ike ìdalẹ̀sí aláwọ̀ ewé mẹ́ta lọ́wọ́ yín nínú oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, èyí tó ní táyà nídìí, oní-240 lítà. ₦68,000 ni ẹyọ kan, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Méjì ti fọ́. Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín ní èmi ni mo jẹ̀bi, pé inú oòrùn ni mo gbé e sí.

Níbo ni kí n gbé e sí? Inú pálọ̀?

Kí n tó san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo ti sọ fún ọmọ tó ń tajà pé ẹnu géètì ló máa dúró sí, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀ títí di ìrun Àsárì. Ó fi ìka kan ike náà kó kó kó, ó ní, "Àlàájà, oòrùn ò lè rí èyí gbé ṣe." Mo gbà á gbọ́. Oòrùn Ìlọrin mà ni o, èyí tó jẹ́ pé lóṣù Kẹta, aṣọ tí a sá kì í lo wákàtí kan kó tó gbẹ.

Ọyẹ́ ò tíì lọ tán tí àwọ̀ ewé náà ti ń ṣí. Nígbà tó yá, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọmọrí rẹ̀, ẹfun ló kù sí mi lọ́wọ́, bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ nu pátákó ní kíláàsì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí dé. Ọ̀kan nínú wọn di etí ike mú kó lè wọ́ ọ, etí náà já tẹ̀ lé e. Ó ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Ìkejì là láti ẹnu dé ìdí, ilẹ̀ lásán ni àwọn ayálégbé mi wá ń gbé ìdọ̀tí kà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ewúrẹ́ àdúgbò ti tú èèpo iṣu àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí gbogbo ojú títì.

Ìkẹta ńkọ́? Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ló wà, níbi tí oòrùn kì í dé. Ọjọ́ kan náà la rà wọ́n, ọkọ̀ kan náà ló gbé wọn wálé, ìdọ̀tí kan náà ni wọ́n ń gbà. Kò sán, àwọ̀ rẹ̀ ò ṣí. Nítorí náà, ẹ má tún sọ pé eérú gbígbóná là ń dà sí i.

Ọmọ mi tó ń kọ́ kẹ́místírì ní Yunifásítì Ìlọrin dojú ike náà délẹ̀, ó fi àmì onígun mẹ́ta tó ń sọ irú ike tí wọ́n fi ṣe é hàn mí nídìí rẹ̀: 5, pẹ̀lú PP. Ó ní irú ike yìí, bí wọn ò bá po oògùn tó ń dènà oòrùn mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìtànṣán oòrùn á máa já a wẹ́wẹ́ títí á fi máa rún bí bísíkíìtì. Ohun tó ń ṣe àwọn àga rọ́bà tó ń fọ́ mọ́ èèyàn nídìí níbi ìnáwó náà nìyẹn. Ó ní èyí tí wọ́n kọ 2 àti HDPE sí sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ oògùn. Táǹkì omi dúdú tó wà lókè ilé mi ti lé lọ́dún mẹ́wàá nínú oòrùn yìí kan náà, èédú lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà ló yẹ kí ẹ sọ èyí fún mi, kì í ṣe ọmọ tí mò ń san owó ilé-ìwé fún.

Ẹ dá ₦136,000 mi padà, tàbí kí ẹ fún mi ní méjì míì tó nípọn, tí àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sí i lára pé ó ní oògùn oòrùn. Bó bá jẹ́ dúdú, n ò kọ̀, ta ló ń fi ike ìdalẹ̀sí ṣe ẹ̀ṣọ́? Kí ẹ kọ wáráǹtì rẹ̀ sílẹ̀, kí oòrùn wà nínú rẹ̀. N ò gba ti ẹnu mọ́.

Fọ́tò mẹ́fà àti ẹ̀dà rìsíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Etí tó já, mo ti dì í sínú ọ̀rá de ẹni tí ẹ bá rán wá. Ilé tó bá ti rí àpò ìrẹsì méjì tó kún fún ìdọ̀tí lẹ́nu géètì, kó kan ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Èmi ni,
Àlàájà onílé, Tankẹ