Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Jèrè Oko Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ó ti mọ́ wa lára láti máa pe àwọn ọmọ tó gboyè nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀lẹ, nítorí pé bí wọ́n bá ti parí ìsìnrú ìlú tán, iṣẹ́ báńkì ni wọ́n ń wá kiri. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò yan iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì wọn ni kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi tọkàntọkàn yàn án pàápàá mọ ìṣirò: báńkì ń san owó lóṣooṣù, oko kò ní san kọ́bọ̀ títí di ìkórè, onílẹ̀ sì ti ń béèrè owó kí àgbàdo tó wọ ilẹ̀.

Òye òwò ló kù tí ilé-ẹ̀kọ́ lè fi gbè é. Ẹ̀kọ́ ìdókòwò ti di dandan ní àwọn yunifásítì wa, àmọ́ inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń há a sórí, tí wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1988 ya odidi ọdún kan sọ́tọ̀ nínú márùn-ún fún iṣẹ́ oko, ètò tí mo gbóríyìn fún gan-an. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sọ di ọdún òwò: kí wọ́n yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kí àwọn ọmọ náà fúnra wọn ra òròmọdìyẹ àti oúnjẹ rẹ̀, kí wọ́n bá àwọn alájàpá dúnàá-dúrà, kí wọ́n san gbèsè, kí èrè tó bá ṣẹ́ kù sì jẹ́ tiwọn. Ẹni tí adìyẹ ẹlẹ́ran rẹ̀ ti tó tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí kò tíì rí oníbàárà, yóò fojú ara rẹ̀ rí bí oúnjẹ ṣe ń jẹ èrè tán. Bí ẹ̀gẹ́ sì ti ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a wà á, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá onígàrí ṣàdéhùn kó tó gbé ọkọ́ yóò tà á ní gbàǹjo.

Àwọn olùkọ́ kan lè béèrè pé bí owó náà bá wọmi ńkọ́. Ó sàn kó wọmi lójú wọn, níbi tí wọ́n ti lè tọ́ka sí ohun tó fà á, ju kí owó èésú ìyá akẹ́kọ̀ọ́ wọmi lẹ́yìn tí ọmọ náà ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tó bá ṣì yan báńkì lẹ́yìn èyí, kó máa lọ. Nígbà tí àgbẹ̀ bá wá yáwó lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní sọ pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà lóṣù kejì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan,
Abẹ́òkúta.