Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Jagunjagun Tó Fara Balẹ̀ Wo Ẹ̀dá Ọlọ́run

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa, mo kí yín ní orúkọ Jésù Kristi.

Ẹsẹ Bíbélì tí a ó gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Inú ìwàásù orí òkè ni ó wà, Mátíù orí 6, ẹsẹ 26: “Ẹ sá wo ẹyẹ ojú ọ̀run, wọn kì í fúnrúgbìn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kórè, wọn kì í sì í kó jọ sínú àká.” Bí a bá ti ń ka ibẹ̀, ọ̀rọ̀ àníyàn ni ọkàn wa máa ń sáré lọ bá, torí pé owó ilé ìwé ọmọ àti owó ilé ló ń jẹ wá lọ́kàn, a ó sì fo àṣẹ tó ṣáájú dá, èyí tí í ṣe pé kí á wo ẹyẹ. Bí ẹnì kan láàárín wa bá sì dúró wo ẹyẹ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀lẹ ni a ó pè é, tàbí kí a ní kò ríṣẹ́ ṣe.

Èyí ni mo fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ gidigidi. Thomas Davies ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1737, tó sì kú ní Blackheath lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 1812. Ológun ni láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó. Ní ọdún 1755 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Woolwich, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin bí a ṣe ń yin àgbá, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà pẹ̀lú. Kò tíì sí ẹ̀rọ tí ń ya fọ́tò láyé ìgbà náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ológun ní láti lè fi pẹ́ńsùlù ya òkè, odò àti odi ìlú ọ̀tá, kí àwọn tó rán an lè mọ ibi tí wọn yóò dojú àgbá kọ. Torí ogun ni wọ́n ṣe fi pẹ́ńsùlù lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fi mọ sórí ogun.

Ó dé Halifax, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ní ọdún 1757, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń du ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ (àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè). Ó wà níbi tí wọ́n ti dó ti Louisbourg, ìlú olódi àwọn Faransé, ní 1758. Ó bá ọmọ ogun Amherst, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí adágún Champlain ní 1759. Ní 1760 ó darí ọkọ̀ alájẹ̀ kan nínú ìjà tí wọ́n fi gba ọkọ̀ ogun Faransé lórí odò Saint Lawrence. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dìde fún òmìnira, ó tún padà lọ jà fún ọba rẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n bá sì rán an lọ ni ó ń fi ọ̀dà olómi ya. Ní nǹkan bí ọdún 1762 ó ya omi ńlá tó ń já láti òkè ní Niagara, àwòrán náà sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀ yà bó ti rí. Àgbọ́sọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀ fi yà á. Ní 1770, lẹ́tà rẹ̀ jáde nínú ìwé Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ṣàlàyé bí a ṣe lè tọ́jú òkú ẹyẹ tí kò fi ní bàjẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè rí i yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ eku kan ni mo fẹ́ kí a dúró lé. Davies ṣiṣẹ́ ní Quebec, ní Kánádà, láti ọdún 1786 títí di 1790, ibẹ̀ ni ó sì ti rí irú eku kékeré kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé fífò ni ó máa ń fò bí ohunkóhun bá lé e. Ní pápá ńlá kan lẹ́bàá ibi tí omi Montmorency ti ń já, òun àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn yí ọ̀kan ká, wọ́n sì lé e fún wákàtí kan kí ọwọ́ wọn tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ fojú inú wò ó ná: àgbà ológun tó ti dúró níwájú àgbá Faransé ni ó ń sá káàkiri inú koríko nítorí eku! Ó ṣàkọsílẹ̀ pé ó ń fò tó yáàdì 3 sí 4 lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn yáàdì 5, bẹ́ẹ̀ kì í sábà ga ju íǹṣì 12 sí 14 lọ sókè orí koríko. Ojú tí wọ́n kọ́ láti máa díwọ̀n ibi tí ọta àgbá yóò bọ́ sí ni ó fi ń díwọ̀n ìfò eku. Eku náà kò pẹ́ kú. Davies kò fi bò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àárẹ̀ ìlépa náà ló yá ikú rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 1787, ẹnì kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kékeré nínú ọgbà kan tó jìnnà tó máìlì 2 sí Quebec, ni ṣọ́bìrì rẹ̀ bá ba amọ̀ kan tó rí roboto, ó sì fọ́. Inú amọ̀ náà jọ̀lọ̀, eku irú èyí sì ká jọ síbẹ̀, ó ń sun oorun tí irú wọn máa ń sùn ní gbogbo ìgbà òtútù. Wọ́n gbé e tọ Davies wá. Ó tẹ́ òwú sínú àpótí kékeré, ó tẹ́ eku náà lé e, ó sì ń fi ìháragàgà retí kí ó jí. Ìgbà tó yẹ kí irú wọn ti jáde dé, eku kò jí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Davies wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì gbà pé ooru yàrá òun, tí iná kì í kú nínú ààrò rẹ̀, ni ó fa á. Ó ya eku náà bó ti sùn, ó ya èyí tó lajú pẹ̀lú, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì jáde nínú ìwé Linnean Society ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ẹranko àti ewéko, ní 1798.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ni eku já mọ́. Kí ó ka Ìwé Òwe orí 30, níbi tí Ágúrì ti ń ka àwọn ohun kékeré ilẹ̀ tó gbọ́n, tó bẹ̀rẹ̀ lórí eèrà tó sì dé orí eṣú tí kò lọ́ba. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ti wo eèrà pẹ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1800, wọ́n tún ka ọ̀rọ̀ Davies níwájú Linnean Society yìí kan náà, nípa ẹyẹ ńlá kan láti Ọsirélíà tí ìrù akọ rẹ̀ rí bíi dùùrù. Ó sọ ọ́ ní Menura superba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí John Latham, onímọ̀ nípa ẹyẹ, fún un, Menura novaehollandiae, ni àwọn onímọ̀ ń lò lónìí. Ẹsẹ̀ Davies kò tẹ ilẹ̀ Ọsirélíà rí. Òkú ẹyẹ tí ọkọ̀ kó dé ni ó rí. Ẹyẹ yìí gan-an sì ni ọ̀gá nínú ká sín ẹlòmíràn jẹ, tó máa ń gba orin ẹyẹ gbogbo mọ́ wọn lẹ́nu, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè rí lára awọ àti ìyẹ́.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì yẹ kí n fi ìyẹn bo ohun tó kù mọ́lẹ̀. Lára àwọn àwòrán rẹ̀ tó wà ní National Gallery ti Kánádà, ọ̀kan wà tó fi hàn bí wọ́n ṣe kó Grimross lẹ́rù tí wọ́n sì dáná sun ún ní 1758. Ìletò àwọn Acadian ni Grimross, lẹ́bàá odò Saint John. Ọmọ Faransé ni wọ́n, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilẹ̀ náà ni wọ́n bí baba wọn sí. Láti 1755 ni àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń lé wọn kúrò, tí wọ́n ń kó wọn sínú ọkọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tìyá tọmọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó dáná ni Davies wà. Ó ya èéfín náà bí ó ti ń rú, ó sì fún àwòrán náà ní àkọlé tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ: ó pè é ní ìkólẹ́rù àti ìjóná ìlú. Òótọ́ ni ó kọ, mo yìn ín fún ìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò kọ́ ilé kan padà.

Nítorí èyí, a kò gbọdọ̀ dá ẹsẹ tí a kà dúró lágbedeméjì. Lẹ́yìn tí Olúwa ti fi ẹyẹ hàn wá, tó sì sọ pé Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run ń bọ́ wọn, ó béèrè pé: “Ẹ̀yin kò ha sàn jù wọ́n lọ?” Láti ara ẹyẹ ni Ó ti fẹ́ mú ojú wa lọ sára ènìyàn. Ẹni tí ó wá ń ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú eku lórí òwú, tó sì lè rí ilé aládùúgbò tó ń jó láìbéèrè ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ìdajì ẹsẹ náà ni ó tíì pa mọ́. Jagunjagun ni Dáfídì náà. Òun ni ó kọrin pé, “Nígbà tí mo ro ọ̀run rẹ, iṣẹ́ ìka rẹ, òṣùpá àti ìràwọ̀”. Síbẹ̀, nígbà tí ó fẹ́ kọ́ ilé fún Ọlọ́run, Ọlọ́run rán an létí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó ti ta sílẹ̀, bó ti wà nínú Kíróníkà Kìíní orí 22. Sáàmù rẹ̀ kò pa àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà rẹ́.

Ní ti iṣẹ́ Davies, ó di ọ̀gá àgbà nínú ológun kó tó kú, ṣùgbọ́n fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé ó ya nǹkan kan. Inú ibi ìkówèésí Earl of Derby, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ wà títí di 1953, nígbà tí wọ́n tà wọ́n ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀bùn nínú ìjọ yìí, tí ẹ ń sọ pé ẹ̀yìn ìfẹ̀yìntì ni ẹ ó tó mú un jáde, ó yẹ kí èyí kàn yín. Kò dúró de ìfẹ̀yìntì, kò sì dúró de àtẹ́wọ́.

Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti bá mi fohùn ṣọ̀kan pé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí òbí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní pépà àti pẹ́ńsùlù, kí ọmọ náà wo ẹ̀dá alààyè kan, ìbáà ṣe alángbá ara ògiri tàbí eèrà ẹnu ọ̀nà, kí ó yà á bó ṣe rí i, kì í ṣe bó ṣe wà nínú ìwé, kí ó sì mú un wá lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn yà á. Níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní ọjọ́rú, Sáàmù 104 àti Kíróníkà Kìíní orí 22 ni a ó kà pọ̀; kí ẹ ti kà wọ́n nílé kí ẹ tó wá.