Òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣe òjò ìgbìn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lọ́dọọdún, láti ìparí oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, oríṣi ìròyìn kan náà ló máa ń ti ilẹ̀ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Òwórò àti Kàbà dé ojú ìwé ìròyìn: ìjì ṣí òrùlé iléèwé, àrá pa màlúù, àwọn ará ìlú ń ké sí ìjọba. Mi ò ní kí ẹ má gbé e, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ló ń dé. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni èyí tó yẹ kí ó ṣáájú: kí ẹ bá wa sọ fún àwọn ará Okun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, ohun tí ooru, ọ̀dá àti ìjì ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ń ṣe, àti bí èèyàn ṣe lè múra dè é.

Nínú gbogbo rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ló ń jẹ àwọn àgbẹ̀ wa níyà jù. Òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹta, ilẹ̀ á tutù, gbogbo èèyàn á gbé irúgbìn àgbàdo lọ sóko. Ọjọ́ mẹ́wàá á kọjá, ọjọ́ mẹ́rìnlá á kọjá, ẹ̀kán kan ò ní kán. Àgbàdo tó ti yọ ewé méjì á ká jọ, á gbẹ. Àgbẹ̀ á tún ra irúgbìn, á tún san owó fún àwọn tó máa bá a gbìn ín.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní àsìkò yẹn. Ọ̀kan ni ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Èkejì ni afẹ́fẹ́ olómi tó ń ti Òkun Àtìláńtíìkì wá láti gúúsù. Ibi tí wọ́n ti pàdé kì í dúró lójú kan. Láti oṣù kejì ló ti ń sún lọ sí àríwá, á sún síwájú, á tún fà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ olómi tó wà lórí wa ṣì fẹ́lẹ́. Bí ooru ọ̀sán bá gbé e sókè, ó lè di ìjì kan ṣoṣo, kò sì tíì nípọn tó láti máa mú òjò wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ààlà náà bá ti fà sẹ́yìn, ojú ọ̀run á mọ́, ooru á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oòrùn pàápàá ń sún mọ́ òkè orí wa: ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, ó máa ń wà gangan lókè Kàbà lọ́sàn-án, tí igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ṣánṣán kò fi ní ní òjìji.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òjò mílímítà 1 jẹ́ omi lítà 1 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan. Ká ní òjò àkọ́rọ̀ fún wa ní mílímítà 20. Ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú le kò lè tètè mu ún, nítorí náà apá kan á ṣàn lọ. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ àsìkò yẹn sì ń fa tó mílímítà 5 tàbí 6 lójúmọ́. Kí ọjọ́ kẹrin tó pé, omi ti tán ní òkè ilẹ̀ níbi tí hóró àgbàdo wà. Hóró tó ti mu omi, tó ti wú, tó ti sọ, kò lè padà di gbígbẹ kí ó tún hù. Oúnjẹ inú rẹ̀ kò lè gbé e ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bí gbòǹgbò kò bá tíì rí omi nísàlẹ̀ kí ó tó tán, ó ti kú nìyẹn. Èyí tí kò bá tilẹ̀ hù, eku, èèrà àti àparò ti ń dúró dè é.

Agolo mílíìkì ńlá kan ni àgbẹ̀ nílò láti mọ bí òjò ṣe tó. Kí ìdí agolo náà fẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, torí èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ á parọ́. Ẹ gbé e sí gbangba. Bí ògiri tàbí igi kan bá wà nítòsí, kí agolo jìnnà sí i tó ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Ẹ kó erùpẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká kí afẹ́fẹ́ má bàa dà á nù. Láàárọ̀, ẹ ki rúlà ọmọ iléèwé bọ̀ ọ́, ẹ ka mílímítà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì da omi náà nù kó tó di pé oòrùn fà á. Ọ̀pọ̀ rúlà ló ní àyè díẹ̀ kí ó tó kan òdo. Ẹ gé àyè náà kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìwọ̀n tí ẹ bá kà á dín. Kí olúkúlùkù wọn ti oko rẹ̀, nítorí ìjì lè da mílímítà 40 sí ìlú kan kí ó má kán sí ìkejì rẹ̀ rárá.

Bí agolo kò bá tíì ka mílímítà 20 sí 25 láàrin ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí òjò mìíràn kò tíì tẹ̀lé e láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má tíì gbin àgbàdo. Bí ó bá ti kà á, ẹ ṣì yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tí ọwọ́ lè wọ̀ dé ọrùn ọwọ́, ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fún un mọ́wọ́. Bí ó bá dì pọ̀ nígbà tí ẹ la ọwọ́, tí àtẹ́lẹwọ́ sì tutù, ilẹ̀ ti tó gbìn. Bí ó bá fọ́ wúruwùru, ẹ dúró. Ilẹ̀ oníyanrìn ẹ̀gbẹ́ àpáta ń gbẹ kíákíá ju ilẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà oko méjì tí ẹnì kan ní lè má tó gbìn lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà tó bá tó, ẹ má gbin gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín irúgbìn sí mẹ́ta, kí ìpín kan máa tẹ̀lé òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Àgbàdo tó ń gbó ní ọjọ́ 90 sí 95 tí a bá gbìn ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin á ti gbó kí oṣù keje tó parí, nítorí náà ìkánjú tí gbogbo wa ń kán ní oṣù kẹta kò ní èrè kankan. Ẹ má fọ́n ajílẹ̀ yúríà sórí ilẹ̀ gbígbẹ nígbà ọ̀dá, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ lè di afẹ́fẹ́ lọ. Inú ilẹ̀ tútù ni kí ẹ bò ó mọ́, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ìdí àgbàdo. Àsìkò ọ̀dá náà ni kòkòrò fall armyworm tó ń jẹ ewé àgbàdo, tó wọ orílẹ̀-èdè wa ní 2016, ń gbilẹ̀ jù, torí òjò ńlá tó máa ń fọ àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ewé kò sí. Láàárọ̀, ẹ la ọkàn ewé àgbàdo wò: bí ẹ bá rí ìgbẹ́ rẹ̀ tó rí bí ìyẹ̀fun igi tí ayùn gé, ó ti wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa.

Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀. Èbù ní omi tirẹ̀ nínú, ó lè dúró de òjò, ṣùgbọ́n ooru inú ebè ló ń sè é jẹrà. Ebè tí a kò dé lórí lè gbóná ju ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ lọ́sàn-án. Kí ẹ fi ẹ̀kún ọwọ́ méjì koríko gbígbẹ dé orí rẹ̀, kí ẹ sì fi ògúlùtu erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ìjì má bàa gbé e. Bí ikán bá pọ̀ nínú oko, ẹ máa ṣí i wò.

Ẹ̀yin tó ní kajú, ìjì àkọ́rọ̀ ń gbọn èso sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ sì ti tutù. Hóró tó bá sùn sórí ilẹ̀ tútù fún ọjọ́ mélòó kan á dúdú nínú, àwọn tó ń rà á á sì dá a padà. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa ṣà á, kí ẹ ya á kúrò lára èso láìfi ẹran èso sílẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ní ìpele kan ṣoṣo, títí yóò fi máa dún nígbà tí ẹ bá mì í. Inú àpò ìdọ̀họ ni kí ó wà. Nínú àpò ọ̀rá, ó máa ń làágùn, á sì bu.

Ní ti òrùlé, ìjì ilẹ̀ wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Á ṣú lọ́nà Lọ́kọ́ja, á kọjá Kàbà, á kọrí sí Ẹ̀gbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù pẹ̀lú eruku ló ń ṣáájú, òjò fúnra rẹ̀ á tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ṣí páànù. Bí ó ṣe ń gba orí òrùlé kọjá ló ń fà á sókè, bí ó sì ṣe ń gba fèrèsé wọlé ló ń tì í láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tì. Òrùlé iléèwé ló ń tètè lọ nítorí pé gbọ̀ngàn rẹ̀ gùn, fèrèsé rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, kò ní sílíìnì, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì so mọ́ ti ilé ńlá. Kí ẹni tó bá ń kọ́ tuntun ya òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ́tọ̀, kí ìjì tó bá mú un má bàa fa ìyókù lọ.

Níbi tí igi ti jókòó lórí ògiri ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń jábọ̀. Káfíńtà á tẹ́ igi lé bùlọ́ọ̀kù, á kan páànù mọ́ igi dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó so igi mọ́ ilé. Ìjì á gbé igi àti páànù pọ̀ lọ sínú oko ẹlòmíràn. Kí bíríkìlà ri irin mílímítà 10 tàbí 12 mọ́ inú kọnkéré orí ògiri, ní mítà kan síra wọn, kí ó yọ tó sẹ̀ńtímítà 30 síta, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ borí igi, kí wọ́n sì kàn án. Ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ lu ihò sí ògiri, ní bùlọ́ọ̀kù méjì sísàlẹ̀ igi, ẹ fi wáyà tí kì í dípẹtà, ní ìṣẹ́po méjì, gba ihò náà yí igi ká, kí ẹ sì lọ́ ọ títí yóò fi le. Ìṣó páànù tó ní rọ́bà lábẹ́ orí ni kí wọ́n lò, orí gegele páànù ni kí ó wọlé, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà. Ní etí òrùlé àti ní téńté rẹ̀, kí ìṣó pọ̀ ju ti àárín lọ, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Igi tútù máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, ìṣó inú rẹ̀ á sì dẹ̀. Lóṣù kejì, kí ẹnì kan gun àkàsọ̀, kí ó fi ọwọ́ ti etí páànù sókè. Bí ó bá mì, kí wọ́n kan ìṣó tuntun sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sínú ihò àtijọ́.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni àpáta. Ní ilẹ̀ Okun, orí àpáta tó tẹ́jú ni a ń sá èlùbọ́ àti pákí sí. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ á sáré gùn ún lọ kó o, nígbà tí mọ̀nàmọ́ná ti ń kọ. Lórí àpáta tí kò ní igi kankan, èèyàn ló ga jù níbẹ̀. Ẹ máa ka iye ìṣẹ́jú-àáyá láti ìgbà tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ títí àrá yóò fi sán: mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, ó ti sún mọ́ jù, kí èlùbọ́ tutù kí èèyàn yè. Kí ẹnikẹ́ni má padà síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó gbẹ̀yìn. Abẹ́ igi kò dára, ahéré koríko kò gba èèyàn, ọ̀kadà kò gba èèyàn. Ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa tàbí mọ́tò tó ní òrùlé irin tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ ló dára.

Bí àrá bá sì sán lu ẹnì kan, ẹ má bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Iná kò sí lára rẹ̀ mọ́. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ńtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má sì dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ṣeé jí padà bí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Olóòtú, níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni NiMet, iléeṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún náà jáde: ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ọ̀dá lè wà, ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ti Kogí jáde ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orúkọ ìpínlẹ̀ nìkan, torí ọjọ́ ìgbìn Lọ́kọ́ja lè má jẹ́ ti Yàgbà. Kí ó jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì, kí àgbẹ̀ tó ra irúgbìn. Kí ẹ sì fi àyè kékeré sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí oṣù karùn-ún yóò fi parí, níbi tí àwọn tó ń fi agolo wọn òjò láti ìlú kọ̀ọ̀kan lè fi iye mílímítà wọn ránṣẹ́ sí yín.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.