Ìlérí Nóà àti Ìkìlọ̀ Òjò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan nínú ìjọ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Pásítọ̀, ṣé Ọlọ́run ti gbàgbé ìlérí tó ṣe fún Nóà ni?” Jẹ́nẹ́sísì 8:22 ló wà lọ́kàn wọn, níbi tí Olúwa ti ní ìgbà irúgbìn àti ìkórè, òtútù àti oru, kò ní dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí ayé bá ṣì wà. Mo mọ ohun tó mú wọn béèrè. Òjò kì í dé lásìkò mọ́. Bó bá sì dé, á dé bí ẹni tó wá gbẹ̀san.

Ọlọ́run kò gbàgbé. Àmọ́ ìlérí yẹn kò sọ pé ohun tí a bá fi ọwọ́ ara wa ṣe kò ní padà wá bá wa. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí ayé ń sun ti kó jọ sójú sánmà, kò sì jẹ́ kí ooru ráyè jáde. Ọdún 2024 ló gbóná jù látìgbà tí wọ́n ti ń wọn ìgbóná ayé: ó fi nǹkan bíi dígírì 1.5 gbóná ju ìgbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ kò tíì gbòde.

Ẹ lè ní, kí ló wà nínú ìyẹn? Ẹ jẹ́ ká sọ pé igbá ni afẹ́fẹ́. Bó bá fi dígírì kan gbóná sí i, omi tí igbá náà lè gbà á fi bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ó ń bu omi kúrò lára ilẹ̀ títí ilẹ̀ á fi gbẹ táútáú. Lọ́jọ́ tí igbá bá wá dojú dé, àgbàrá dé nìyẹn. Ọmọ ìyá ni ọ̀dá àti àgbàrá. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ìgbà òjò márùn-ún léra wọn ni òjò kò rọ̀ tó, láti 2020 títí di 2022. Kí 2023 tó parí, omíyalé ti dé sí ilẹ̀ kan náà. Ọ̀dá àti ìjì ti wà tipẹ́ o, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń le sí i, tó sì ń yá wá sí i, ni tuntun.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó máa ń ní ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ló fà á. Ní Pakistan, lọ́dún 2022, omi pa ènìyàn tó lé ní 1,700, bẹ́ẹ̀ èéfín tiwọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ìlú ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn méjìdínlógún, Jésù ní wọn kò ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ lóhùn pé “kò ní ṣẹlẹ̀ lórúkọ Jésù,” ẹ rántí Jósẹ́fù. Kò ní kí Fáráò fi àdúrà lé ìyàn lọ. Ó ní kí wọ́n kó ọkà pamọ́. (Mo fẹ́ràn àdúrà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.) Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ lágbàáyé sọ pé bí ìkìlọ̀ bá fi wákàtí 24 ṣáájú ìjì, ó lè dín ohun tó máa bàjẹ́ kù ní ìdá 30 nínú 100. Ìyẹn bí a bá gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, a ó kọ orúkọ àwọn tó ń dá gbé, kí ẹnìkan lè lọ kan ilẹ̀kùn wọn nígbà tí ìkìlọ̀ bá dé. Ìyá àgbà tó bi mí léèrè ti forúkọ sílẹ̀. Inú àwọn tí yóò máa kan ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí.