Ìdí tí ápù kan fi wọ́n ju òmíràn lọ: lẹ́tà láti Wenatchee, ìlú olóko ápù ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá. Ẹ ní páálí ápù méjì ló pupa bákan náà, kí ló dé tí owó wọn ò dọ́gba? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú ra ápù. Irú ápù tí wọ́n ń pè ní Red Delicious, tó ń dán gbinrin yẹn, ẹ̀ka tó bá so èyí tó pupa jù ni àwọn olóko ń mú gbìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, adùn sì ń bọ́ lára rẹ̀. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó korò díẹ̀.

Ẹ wo Honeycrisp, irú ápù mìíràn tí Yunifásítì Minnesota mú jáde lọ́dún 1991. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn àpò omi tíntìntín tó para pọ̀ di ara rẹ̀, tóbi. Bí eyín bá kàn án, ńṣe ni wọ́n ń bẹ́, tí omi ń tú sẹ́nu. Ti ápù tó ti pẹ́ kì í bẹ́, wọ́n kàn ń yà kúrò lára ara wọn ni, omi á há sínú, ápù á wá dà bí ìyẹ̀fun lẹ́nu.

Iṣẹ́ Honeycrisp ló gbówó lérí. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, nítorí náà àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé igi orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má baà gún èkejì nínú àpótí. Bí èròjà tí wọ́n ń pè ní calcium ò bá tó o lára, ojú dúdú tó jin sínú á yọ sí i, ibẹ̀ á sì korò. Wọn kì í sáré gbé e sínú òtútù líle: ó ń lo bí ọjọ́ 7 ní 10°C kó tó wọ 3°C. Bí wọ́n bá kánjú, èèpo rẹ̀ á ṣe bíi pé omi gbígbóná dà á lára.

Ápù Pink Lady ní tiẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni. Orí igi Cripps Pink ló ti ń wá. Èyí tí àwọ̀ tàbí ṣúgà rẹ̀ ò bá tó ìwọ̀n, Cripps Pink ni wọ́n ń tà á. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó kọ̀ ọ́.

Nọ́ńbà 80, 100 tàbí 138 tó wà lára páálí kílò 18 tibí, iye ápù inú rẹ̀ ni: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ápù ṣe tóbi tó. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n la ẹyọ kan. Tí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdún, tójú ibi tẹ́ ẹ gé ò sì tutù fún omi, ẹ fi sílẹ̀. Inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ kó o sí, kó má sún mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀; afẹ́fẹ́ tí ápù ń tú jáde á mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín tètè pọ́n.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Àbúrò yín